Mò ń wá ilé fún Tanímọ̀la, abo ajá tí ẹ̀rù máa ń bà

Àǹtí_Àpẹ̀tẹ̀:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó pè mí.

Tanímọ̀la ni orúkọ tí mo sọ ọ́. Ẹ̀yìn ìsọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Àpẹ̀tẹ̀ níbí, n'Ìbàdàn, ni mo ti rí i. Ó sá sábẹ́ pákó, wáyà wà lọ́rùn rẹ̀, wáyà náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ẹran. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ ní kì í ṣe tàwọn. Ajá ìbílẹ̀ ni, ó pọ́n bí ẹrẹ̀, ìrù rẹ̀ ká sókè, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ nìkan lẹ ó rí ìrù náà. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn. Wọ́n gé wáyà kúrò, wọ́n tọ́jú egbò, wọ́n fún un ní oògùn aràn àti ti eégbọn, ó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun, wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ kí ó má baà máa bímọ kiri. Dókítà wo eyín rẹ̀, ó ní kò lè ju ọmọ ọdún méjì lọ. Káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Ara ti yá, ẹ̀rù ni kò tíì tán. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ sókè, kódà bó jẹ́ pé aṣọ lẹ fẹ́ ká lórí okùn, ó ti wọ abẹ́ àga. Ó ń bẹ̀rù ìgbálẹ̀, ó ń bẹ̀rù igi, ó ń bẹ̀rù ọkùnrin tó bá ń sọ̀rọ̀ sókè, àti ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ sálúbàtà. Kò bu ẹnikẹ́ni jẹ lọ́dọ̀ mi, kì í tilẹ̀ kùn. Ńṣe ló máa ń dúró gbagidi, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, nígbà mìíràn á tọ̀ sára. Ṣùgbọ́n lálẹ́, tí mo bá jókòó sórí ẹní tí mo kẹ̀yìn sí i, á rọra wá fi imú kan ìgúnpá mi. Ó ti ń gba orí ẹja ṣàwá lọ́wọ́ mi báyìí. Ó máa ń na ọrùn gùn gan-an kó lè gbà á, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á sì wà níbi tó wà, kó lè ráyè sá.

Ilé tí mò ń gbé kò gba ajá. Yàrá dojú kọ yàrá ni, ọmọdé pọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń ké láti ìrọ̀lẹ́, onílé sì ti ní kí n wá ibi gbé e gbà kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí.

Ilé tí mò ń wá: kí ó ní ọgbà, kí ariwo má pọ̀, kí ọmọ kékeré má sí níbẹ̀, kí wọ́n má so ó mọ́ ṣéènì. Bí ajá mìíràn tó níwà pẹ̀lẹ́ bá wà níbẹ̀, ìyẹn ni mo fẹ́ jù. Mi ò tà á, owó kankan ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa wá wo ilé, ẹni tó bá fẹ́ ẹ náà á sì wá sọ́dọ̀ mi wá rí i, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó ti pè mí ń bi mí: "Ṣé ó ń gbó?" Kì í gbó. Ẹni tó bá ń wá ajá tó máa lé olè, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe òun.

Arákùnrin_Ìdó:

Àǹtí, ẹ kú àánú. Mo ní oko adìẹ ní ìhà Ìdó, ariwo kankan ò sí níbẹ̀ àfi ti adìẹ. Ẹ gbé e wá. Ẹ̀rù yẹn á kúrò. Tí a bá so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, tí a dín oúnjẹ rẹ̀ kù, ojú rẹ̀ á le. Bàbá mi tọ́ ajá ọdẹ títí wọ́n fi dàgbà, mo mọ ajá dáadáa.

Dókítà_Ẹranko:

Arákùnrin mi, mo mọ̀ pé inú rere lẹ fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yẹn gan-an ló ń sọ ajá ojo di ajá tó ń bu ènìyàn jẹ. Ajá tí ẹ̀rù bà lè sá, ó lè dúró gbagidi, ó sì lè bu ni jẹ. Tanímọ̀la ń sá, ó sì ń dúró. Bí ẹ bá so ó mọ́ ṣéènì, ẹ ti gba sísá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá wá fi ebi kún un, ẹyọ ohun kan ló kù. Kì í sì í ṣe olè ló máa kọ́kọ́ bù jẹ. Ọmọ tó ń gbé oúnjẹ lọ fún un ni.

Ajá ọdẹ tí bàbá yín tọ́, láti kékeré ló ti wà lọ́dọ̀ wọn, ó ti mọ ohùn wọn, ó ti mọ ìbọn àti igbó. Láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí bí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá lẹ́yìn tí wọ́n bí ajá ni ọpọlọ rẹ̀ máa ń ṣí sílẹ̀ jù láti mọ ohun tí kò léwu: ènìyàn, ọmọdé, mọ́tò, igi lọ́wọ́ àgbàlagbà. John Paul Scott àti John Fuller ní Amẹ́ríkà ló gbé ìwádìí ńlá jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1965, a ṣì ń fi kọ́ni dòní. Ajá tí kò rí ènìyàn rere ní àsìkò yẹn ṣì lè kọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀la, ṣùgbọ́n á pẹ́, kò sì ní gba ipá.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ó ń dùn mí tí mo bá gbọ́ pé "ajá náà kàn ṣàdédé bù mí jẹ ni." Kì í ṣàdédé. Á kọ́kọ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ ó fi rí funfun ojú rẹ̀. Á máa lá imú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oúnjẹ. Á máa yán, bẹ́ẹ̀ ni oorun ò kùn ún. Á ká ìrù sábẹ́ ikùn, á sì kùn. Tó bá kùn, ẹ má nà án. Ajá tí wọ́n bá fi ẹgba pa kíkùn mọ́ lẹ́nu ló máa ń bu ni jẹ láìsọ tẹ́lẹ̀.

Nítorí ẹni tó bá ń kà á láti ọ̀nà jíjìn: bí ajá yòówù bá bù yín jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, fún ìṣẹ́jú 15, ẹ máa fọ̀ ọ́, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má sun irun ajá náà sí i. Ẹ má pa ajá náà. Ẹ há a mọ́ ibì kan, kí dókítà máa wò ó fún ọjọ́ 10. Tí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára ènìyàn, kò sóògùn tó máa wò ó mọ́.

Arákùnrin_Ìdó:

Dókítà, ó yé mi. Ọmọ méjì ló ń bá mi bọ́ adìẹ, mi ò sì fẹ́ kí nǹkan ṣe wọ́n. Àǹtí, nígbà náà kì í ṣe ajá oko wa. Ṣùgbọ́n mo ní kéèjì onírin kan tó tóbi, mo sì ní mọ́tò. Ọjọ́ tí ẹ bá rí ilé fún un, ẹ sọ fún mi.

Ọmọ_Sányà:

Àǹtí, ẹ yọ "owó kankan ò sí níbẹ̀" yẹn kúrò kíákíá. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń wá irú ọ̀rọ̀ yẹn kiri ni. Wọ́n á gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń se ẹran ajá tí wọ́n ń pè ní 404. Òmíràn á lọ fi bọ Ògún. Ajá tí kì í gbó, tí kì í jà, ṣé ẹ rí i pé òun ló rọrùn láti gbé lọ?

ỌmọOǹdó:

Ọmọ_Sányà, ìkìlọ̀ yín dára, mo sì fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ̀rọ̀ lórí ti Ògún. Ọmọ Oǹdó ni mí, wọ́n ń bọ Ògún nílé wa, ajá sì ni ẹran rẹ̀, mi ò ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bọ Ògún, owó ló fi ń ra ajá rẹ̀. Irin Ògún ni ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń búra ní kóòtù pé òun ò ní purọ́. Ta ló máa fi irọ́ gba ẹran tó fẹ́ gbé síwájú rẹ̀? Ẹni tó bá purọ́ gba ajá lọ́wọ́ yín, olè ni, ẹ má pè é ní oníṣẹ̀ṣe.

Ohun tí mo lè sọ nìyí: ẹ gba owó díẹ̀, kódà kó jẹ́ iye abẹ́rẹ́ rẹ̀ nìkan. Ẹni tó fẹ́ tà á ò ní fẹ́ kọ́kọ́ náwó. Ẹ ya fọ́tò ẹni náà pẹ̀lú ajá ní ẹnu géètì ilé rẹ̀, kí ẹ sì jọ kọ ìwé àdéhùn, kí ẹni kẹta fọwọ́ sí i.

ÌyáÌbejì_Peckham:

Mo kí gbogbo yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ỌmọOǹdó sọ nípa owó, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe níbí. Battersea, ilé ìtọ́jú ajá tí kò nílé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1860, ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá mú ajá, kì í ṣe pé wọ́n ń tajà.

Èmi náà ní ọ̀kan. Ìta ní ilẹ̀ Romania ni wọ́n ti kó o kí wọ́n tó gbé e wá sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pẹ́ kí ó tó gbà kí n fọwọ́ kan orí òun. Kí wọ́n tó fún mi, obìnrin kan wá sílé wa, ó bi wá léèrè títí ó fi sú ọkọ mi. Lẹ́yìn náà ni mo mọ ìdí. Àǹtí, àwọn ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi wọ́n nìyí: Ta ló máa ń wà nílé lọ́sàn-án? Ta ló ń ṣí géètì, ṣé ó sì máa ń rántí tì í? Níbo ni ajá máa sùn lóru ọjọ́ tó bá dé? Kí lẹ máa ṣe tó bá tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì? Tí ẹ bá rìnrìn-àjò ńkọ́? Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀: ajá wo lẹ ti tọ́ rí, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí i? Ẹni tó bá ní "ó kàn sọnù ni," tí èyí tó tẹ̀ lé e náà "kàn sọnù," ẹ ti gbọ́ ìdáhùn yín.

Nínú ìwé àdéhùn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: bí kò bá ṣeé ṣe, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa dá a padà sí, wọn ò gbọ́dọ̀ fún ẹlòmíràn.

Mo yìn yín pé ẹ sọ òtítọ́ nípa ẹ̀rù rẹ̀. Àwọn kan á kọ ọ́ pé "onítìjú díẹ̀ ni," kí wọ́n lè tètè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ajá ló ń fara gbá a, torí ẹni tó gbà á á rò pé ó kórìíra òun ni.

Ọmọ_Mushin:

Mo ń kà á láti òkè, mo kàn fẹ́ béèrè. Ní ìlú tí ènìyàn kò ti rí oúnjẹ jẹ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ṣé ajá ló yẹ kí a máa bẹ̀bẹ̀ fún báyìí?

Àǹtí_Àpẹ̀tẹ̀:

Mo gbọ́ yín, mi ò sì bínú. Olùkọ́ ni mí. Mo mọ àwọn ọmọ tó ń wá sí kíláàsì mi láìjẹun, mo sì ń ṣe èyí tí agbára mi ká fún wọn. Oúnjẹ wọn kọ́ ni mo mú fún ajá. Ẹni tó so wáyà mọ́ ẹran lọ́rùn tó sì bá tirẹ̀ lọ, ènìyàn bíi tèmi ni. Ó yẹ kí ènìyàn náà tún un ṣe.

ÌyáÌbejì, ẹ ṣeun, mo ti da àwọn ìbéèrè yẹn kọ sínú ìwé. Ìgbà tí mo bi ọ̀kan nínú àwọn tó pè léèrè pé níbo ni ajá máa sùn, ó ní "ajá ha ń sùn lóru bí?" ó sì pa fóònù.

Ọmọ_Sányà:

Kí ló ń jẹ? Ẹnìkan ládùúgbò wa ń béèrè.

Àǹtí_Àpẹ̀tẹ̀:

Àmàlà tàbí ìrẹsì, pẹ̀lú orí ẹja tí mo ti yọ eegun rẹ̀, tàbí ẹ̀dọ̀. Kò náni lówó púpọ̀. Mi ò da ọbẹ̀ wa sí i nítorí àlùbọ́sà; kò dára fún ẹ̀jẹ̀ ajá. Eegun adìẹ tí a ti sè náà kò bọ́ sí i, ó máa ń fọ́ ṣóńṣó tó lè gún ìfun. Ṣókóléètì rárá.

Ìyá_Ìbarà:

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú o. Olúwa á tọ́jú tìrẹ náà. Ọmọbìnrin mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí.

Nọ́ọ̀sì ni mí tẹ́lẹ̀, mo ti fẹ̀yìn tì, Ìbarà ní Abẹ́òkúta là ń gbé, èmi àti ọkọ mi. Àwọn ọmọ ti lọ. A ní ajá kan, Ṣọ́jà, akọ tó ti dàgbà, tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá. Inú ilé ló ń sùn. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà, bí ó bá ti jẹun tán, ó di ẹ̀yìn ilé. Ẹni tó ṣáájú rẹ̀, Bóbi, ọjọ́ ogbó ló kú sí lọ́wọ́ wa, abẹ́ igi máńgòrò la sin ín sí. Mo sọ èyí nítorí ìbéèrè ìyá ìbejì yẹn.

Mo fẹ́ Tanímọ̀la. Ṣùgbọ́n mi ò ní pa irọ́ fún ọ. O ní ó ń bẹ̀rù igi. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu Bàbá, igi ni wọ́n fi ń rìn, igi náà ò sì lè kúrò lọ́wọ́ wọn. Bí o bá ní kò ṣeé ṣe, mi ò ní bínú.

Àǹtí_Àpẹ̀tẹ̀:

Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Mi ò tíì rí ẹni tó sọ fún mi ohun tó lè mú kí n má fún un. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ igi yìí ńkọ́?

Dókítà_Ẹranko:

Ó ṣeé ṣe, bí Bàbá bá fẹ́ ẹ. Igi tó wà nílẹ̀ kì í ba ajá náà lẹ́rù tó igi tó bá gbéra. Ohun tí ẹ máa ṣe: ẹ fi igi kan tó jọ ti Bàbá sílẹ̀ ní yàrá tí ajá wà, kí ó kàn wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa fi oúnjẹ sí ìtòsí rẹ̀. Lónìí kí ó jìnnà, tó bá di ìgbà mìíràn kí ó sún mọ́ ọn. Tó bá ti ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi láìka ìrù sábẹ́, kí Bàbá jókòó, kí igi wà lórí itan wọn, kí wọ́n máa ju ẹja díẹ̀díẹ̀ sí i láìwò ó lójú. Rírìn pẹ̀lú igi ló máa kẹ́yìn. Nígbàkígbà tí ajá bá kọ oúnjẹ, ẹ ti yára jù, ẹ padà sẹ́yìn.

Ṣọ́jà ló máa ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ajá ojo máa ń wo ajá mìíràn kó tó gba nǹkan gbọ́. Bó bá rí i tí Ṣọ́jà ń sùn lẹ́sẹ̀ Bàbá, á gbà á gbọ́ ju ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè sọ fún un.

Ìyá_Ìbarà:

Bàbá ní àwọn ti gbà. Wọ́n ní láti ìgbà tí àìsàn ti dé, jíjókòó nìkan ni iṣẹ́ àwọn, àwọn á máa bá a jókòó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. N ó wá sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ yìí.

Àǹtí_Àpẹ̀tẹ̀:

Ẹ̀yin ará, mo ní ìròyìn.

Kí Màmá tó wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti wá láti Mọ́níyà. Ènìyàn dáadáa ni, ó ra bísíkíìtì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe dé ló kúnlẹ̀ síwájú àga, tó nawọ́ sábẹ́ rẹ̀, tó fẹ́ di ẹsẹ̀ ajá náà mú fà á jáde "kó lè mọ̀ mí." Tanímọ̀la tọ̀ sára, kò sì jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní rárá.

Màmá dé ní tiwọn pẹ̀lú àpò ẹ̀gúsí. Wọn ò béèrè ibi tí ajá wà. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n kọ ẹ̀gbẹ́ sí abẹ́ àga, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ ilé-ìwé lóhùn pẹ̀lẹ́. Wọ́n ti mú àkísà kan wá tí Ṣọ́jà máa ń sùn lé, wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ara wọn. Ó pẹ́ kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Mo ń gbọ́ bí èèpo ẹ̀gúsí ṣe ń já, mo ń wo ilẹ̀. Imú ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ọrùn. Ó gbóòórùn àkísà náà, kò kánjú rárá, ó gbóòórùn gìgísẹ̀ Màmá, ó sá padà. Màmá ò yíjú. Ó tún jáde. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, Màmá ti fi ẹja sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan wọn, ó jẹ ẹ́, ó sì dúró síbẹ̀.

Ohun tí mi ò ní gbàgbé ni ìgbà tí wọ́n fẹ́ dìde. Wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un pé "Tanímọ̀la, mo fẹ́ dìde o," wọ́n dúró díẹ̀, kí wọ́n tó gbé ara. Ó kúrò lọ́nà, ṣùgbọ́n kò wọ abẹ́ àga.

Mo ti lọ wo ilé wọn ní Ìbarà náà. Ọgbà ga, Ṣọ́jà sanra, ó mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni ihò kan lábẹ́ géètì, níbi tí òjò ti wọ́ ilẹ̀ lọ. Ajá tó bá ní ẹ̀rù á gba ibẹ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú kan. Màmá ti fi búlọ́ọ̀kù dí i ná.

ÌyáÌbejì_Peckham:

Mo sunkún díẹ̀ níbí. Ẹ gbọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ ni mo ń bẹ̀rù fún jù. Ọ̀pọ̀ ajá ojo tó sọnù, ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ni wọ́n sọnù, láàárín mọ́tò àti ẹnu ọ̀nà. Bẹ́líìtì ọrùn nìkan ò tó. Tó bá fà sẹ́yìn, orí rẹ̀ á yọ. Ẹ wá èyí tó gba àyà àti èjìká kọjá, kí okùn kan wà lára rẹ̀, kí òmíràn wà lára ti ọrùn. Kí nọ́ńbà fóònù Màmá ti wà lára bẹ́líìtì kí ó tó kúrò nílé yín. Ẹ má ṣí kéèjì títí ẹ ó fi wọ inú ilé tí ẹ sì ti tilẹ̀kùn.

Bó bá sì wá jáàbọ́, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sáré lé e, kí wọ́n má pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ àti aṣọ tó ní òórùn yín sí ibi tó ti jáde, kí ìta dákẹ́. Ọ̀pọ̀ máa ń padà wá lóru.

Dókítà_Ẹranko:

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ má fún un lóúnjẹ púpọ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ó má baà máa bì. Ẹ da aṣọ bo kéèjì, kí afẹ́fẹ́ sì ráyè wọlé. Kí ó dé lójú ọ̀sán. Níbẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ni kí ó kọ́kọ́ mọ̀, ẹ má pe aládùúgbò wá wò ó. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni ajá máa fi bọ́ nínú ìpayà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni á fi mọ bí ilé ṣe ń lọ, oṣù mẹ́ta ni á fi gbà pé ilé òun ni. Fún irú Tanímọ̀la, ẹ jẹ́ kó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Arákùnrin_Ìdó:

Kéèjì ti wà nínú mọ́tò. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí òórùn adìẹ kúrò. A máa gba Ọmí-Àdìó lọ ní òwúrọ̀ Sátidé kí oòrùn tó mú.

Ìyá_Ìbarà:

Ẹ kú àdúrótì, gbogbo yín. Tanímọ̀la ti wà lọ́dọ̀ wa, ó ti tó ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́ tó dé, ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi nínú ilé ìdáná ló wọ̀. A fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Mo gbé omi àti oúnjẹ sí tòsí, mo sì ń dáná tèmi bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Kò jẹun lọ́sàn-án rárá, òru ló máa ń jẹ. Lójú tèmi tí mo ti ṣe nọ́ọ̀sì, mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń jẹun lóru ń gbìyànjú, mi ò sì kánjú sí i.

Ṣọ́jà ló yanjú rẹ̀. Ó lọ dùbúlẹ̀ síwájú dúrọ́ọ̀mù náà, ó ń hanrun. Nígbà tó yá mo rí i pé àwọn méjèèjì ti jọ ń sùn síbẹ̀. Ibi tí Ṣọ́jà bá lọ báyìí ló ń bá a lọ, títí kan ẹ̀yìn ilé.

Ti igi: ó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí. Bàbá máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, igi á wà lórí itan wọn, wọ́n á máa ju ẹja sí i, wọ́n á sì máa sọ ìtàn iṣẹ́ réluwéè tí wọ́n ṣe. Ó jìnnà sí wọn díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń gbọ́. Tí wọ́n bá dìde, ó ṣì ń sá. Mi ò ní sọ pé ó ti tán, kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ó ti ń yára padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni Kérésìmesì. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń yin nókáòtì láti ìbẹ̀rẹ̀ Dìsẹ́ńbà. Kí ni mo lè ṣe?

Dókítà_Ẹranko:

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ribiribi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Nòfẹ́ńbà. Ẹ yan yàrá tó wà láàárín ilé, tí fèrèsé rẹ̀ kò kọjú sí ìta, kí àkísà òun àti Ṣọ́jà wà níbẹ̀, kí ó sì máa jẹun níbẹ̀ kí ó lè fẹ́ràn ibẹ̀ kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó ti tọ̀, kí ó ti ṣu kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ má jẹ́ kí ó jáde mọ́. Ẹ tan rédíò àti fáànù. Tó bá sún mọ́ yín, ẹ gbà á mọ́ra. Kò sí òtítọ́ nínú pé fífọwọ́ pa á lára á mú kí ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má fún un ní oògùn oorun ènìyàn tàbí ibuprofen, oògùn ara ríro yẹn. Ibuprofen lè ba kíndìnrín ajá jẹ́. Tí ẹ bá rí i pé ó le jù fún un, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta, ní Alábàtà ṣáájú Dìsẹ́ńbà, wọ́n á wo ara rẹ̀, wọ́n á sọ oògùn tó bá a mu.

Àǹtí_Àpẹ̀tẹ̀:

Màmá, mo máa wá kí yín nígbà tí ilé-ìwé bá ti wọ ìsinmi. Káàdì rẹ̀ tí mo fún yín, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ tó tún kàn wà nínú rẹ̀. Ọdọọdún ni, ẹ jẹ́ kí a jọ gbà á fún òun àti Ṣọ́jà lọ́jọ́ kan náà, èmi ni n ó san ti Tanímọ̀la.

Arákùnrin_Ìdó:

Màmá, búlọ́ọ̀kù tí ẹ fi dí abẹ́ géètì yẹn ò ní pẹ́ yẹ̀ tí òjò bá tún rọ̀. Mò ń bọ̀ ní Àìkú pẹ̀lú simẹ́ńtì àti iyanrìn díẹ̀. N ó dé kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, n ó dúró níta, mi ò ní kan géètì.